Àga Kejì Arìnbíẹyẹlé

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Ayọ̀rìndé, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Èmi náà wà.

Mo ti rí ohun tí Olúwadámiláre, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kọ sí ọ láti Ìbàdàn. Nígbà tí o fi í ránṣẹ́ sí Fúnkẹ́mi nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, òun ni ó kà á fún mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe olùkọ́. N kò lè rí ìwé tí àṣìṣe kún inú rẹ̀ báyìí kí n má mú báírò pupa.

Ó ní mo ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n fi fídíò rẹ hàn mí. N kò ṣubú. Mo jókòó ni. Kí ènìyàn jókòó nígbà tí kò pinnu láti jókòó kò túmọ̀ sí pé ó ṣubú.

Ó ní Àǹtí rẹ, àbúrò bàbá rẹ, dúró láàrin Ọjà Ọba, ó ṣí gèlè lórí, ó sì ṣẹ́ èpè fún ọ. Àǹtí rẹ kò dé Ọjà Ọba láti oṣù kẹjọ, orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un. Bí ó bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń ṣí orí níta.

Ó ní mo lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò láti kéde pé ìwọ kì í ṣe ọmọ mi mọ́. Mo lọ lóòótọ́. Ìkéde ìsìn ìrántí ọ̀gá wa àtijọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni mo gbé lọ.

Ó ní mo ti yọ àwòrán rẹ kúrò lára ògiri. Kíkùn ni a ń kun ògiri. Àwọn tí ń kùn ún yọ tèmi náà àti ti bàbá rẹ pẹ̀lú.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé èmi àti Àǹtí rẹ kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. N kò fi báírò pupa fa igi sí ìyẹn.

Fúnkẹ́mi yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Má ṣe pè mí. Lórí fóònù, ènìyàn a máa dáhùn kí ó tó ronú.

Mo ṣì ń wò ọ́ nínú ètò rẹ. Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, lẹ́yìn àdúrà, alẹ́ tìrẹ ń parí lọ, ilẹ̀ tiwa kò sì tíì mọ́. Kùrukùru ọyẹ́ a ti bo Òkè Ayọ́ba, ilẹ̀ àti ojú ọ̀run a di ọ̀kan. Ìwọ a wá jáde nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré fóònù mi, tí o wọ kóòtù, bí ẹni tí mo lá àlá rẹ̀, tí ó sì gbàgbé láti lọ nígbà tí mo jí. Mo máa ń dín ohùn rẹ̀ kù, n kì í gbọ́ gbogbo ohun tí o ń sọ. Ẹ̀rín àwọn òǹwòran rẹ ni mo ń gbọ́. Ó dà bí òjò tí ń rọ̀ sórí páànù ilé tí ó jìnnà.

Jẹun dáadáa. Kóòtù náà ti tóbi jù fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.


Toronto,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, 2024.

Màmá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ mà. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àmójútó ilé. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo ka ìwé yín. “Mo jókòó ni.” Màmá, àwọn mẹ́jọ ni wọ́n ń gbowó níbí láti bá mi kọ àwàdà, kò sì sí ẹni tí ó kọ èyí tó tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀.

Mo rí i pé ẹ kò fa igi sí èyí tó kẹ́yìn. Kí ló dé láàrin ẹ̀yin àti Àǹtí Àtinúkẹ́? Ṣé ọ̀rọ̀ omi kànga yẹn náà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó ku ẹ̀yin méjì péré nínú agbo ilé yẹn.

Ìròyìn ayọ̀ wà. Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń ṣe ètò àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n yìí ní orúkọ ara mi. Kí ó tó di ìgbà náà, ọdún méje ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu aláwàdà mìíràn. Kí ìyẹn náà tó dé, ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tí inú yín dùn sí, tí mo ń ta oògùn ikọ́ fún àwọn tí kò rí oorun sùn. Àwọn yẹn ni mo kọ́kọ́ pa lẹ́rìn-ín, láti ẹ̀yìn gíláàsì. Títí di òní, àwọn ni ìjọ mi. Bí iná bá tàn sí mi lójú, n kì í rí wọn. Òkùnkùn lásán ni mo ń rí, bí odò ńlá ní òru, n óò ju ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀, n óò sì dúró kí n gbọ́ bóyá ó kan ìsàlẹ̀.

Láti oṣù kẹsàn-án, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo ń gbé àga kan tó ṣófo sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ní Arìnbíẹyẹlé ló ni ín, obìnrin kan nílùú wa tí ń dúró de ọkùnrin kan tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. N óò bi àga náà ní ìbéèrè, n óò sì dúró fún èsì. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a dákẹ́, wọn a tún rẹ́rìn-ín. Màmá, ó ti gba ìlú kan! Wọ́n ti ya àga náà sára ẹ̀wù. Mo ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa fẹ́ fún mi ní ọdún méjì sí i nítorí àga yẹn.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ ní kí Fúnkẹ́mi ya Àǹtí ní fídíò ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí wọ́n kí àwọn ènìyàn mi kú Kérésìmesì. Inú Àǹtí yóò dùn. Wọ́n fẹ́ràn kí ènìyàn máa wò wọ́n.

Ọmọ yín,
Ayọ̀rìndé.


Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, 2024.

Ayọ̀rìndé,

Mo kí ọ.

Kò ní sí fídíò. Má ṣe rán Fúnkẹ́mi níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, má sì ṣe rán ẹlòmíràn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kànga. Ìjọba ti gbé ẹ̀rọ omi wá láti ọdún tó kọjá.

Ẹ̀wù náà dé. Mo ti fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, mo sì ti ti àpótí náà.

Mo ní ìbéèrè kan. Ta ni ó sọ orúkọ yẹn fún ọ? Kọ èsì rẹ ní kúkúrú.

Ìyá rẹ.


Toronto,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, 2024.

Màmá mi,

Ẹ̀yin ni, mà. Ta ni ìbá tún jẹ́?

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Mo gun àga kejì tí Àǹtí máa ń gbé jáde ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì jágbe mọ́ mi bí wọn kò ti ṣe rí. Mo sá wá bá yín ní ilé ìdáná. Ẹ ń bẹ iṣu. Ẹ ní, “Má sunkún. Arìnbíẹyẹlé ń dúró de ẹnì kan ni.” Ẹ sọ fún mi pé tíṣà kan ni, ó lọ sí òkè òkun, ó ní ọjọ́ Sátidé ni òun yóò dé. Ohùn yín lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹ bá ń ka Bíbélì. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń lá àga yẹn lálàá.

Màmá, mo ṣọ́ra. N kò pe orúkọ wọn gidi rárá. Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ wọ́n ni mo ṣe lo èyí tí ẹ̀yin máa ń pè wọ́n. Mo fi orúkọ náà bò wọ́n ni. Kí ni mo ṣe tó burú?

Ẹ dákun, ẹ fèsì kíákíá.

Ayọ̀rìndé.


Toronto,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, 2024.

Màmá mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo pè yín lọ́jọ́ Kérésìmesì, Fúnkẹ́mi ló gbé e, ó ní ẹ ń gbàdúrà. Mo pè lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó ní ẹ ṣì ń gbàdúrà. Mo bi í pé ta ni ẹ ń gbàdúrà fún. Ó ní, “Bọ̀dá mi, èmi kọ́ ni Ọlọ́run.”

Yìnyín bo gbogbo àdúgbò. Mo lá àlá ní àná. Mo wọ sitúdíò nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ, iná kan ṣoṣo ló kù. Àǹtí jókòó sórí àga náà, wọ́n fi páúdà sójú bíi ti Sátidé, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wà pọ̀. Mo kí wọn. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo yí padà. Ọ̀nà Ìgèdè ni mo rí, ó gùn, ó funfun, kò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Olúwadámiláre ti sọ fún mi pé Àǹtí kò gbé àga jáde mọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ó yé mi pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n, bí ọ̀nà tí mo gbà ṣẹ̀ wọ́n kò tilẹ̀ tíì yé mi. Mo ti pinnu. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kínní ni a ó padà sórí afẹ́fẹ́. N óò kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ayé, n óò pe Àǹtí ní orúkọ gidi, n óò sì tọrọ àforíjì. Bí ẹ bá ní ohun kan láti sọ, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
Ayọ̀rìndé.


Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kínní, ọdún 2025.

Ayọ̀rìndé, ọmọ mi,

A kú ọdún tuntun. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ.

Má ṣe kúnlẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Má ṣe pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó ṣe ohunkóhun.

O ti pẹ́ ní òkèèrè, o sì jẹ́ ọkùnrin. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo wọ ilé bàbá rẹ ní ọdún 1971, n kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tí a ti bí sínú ilé náà ṣáájú mi ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó ni yóò fún olúkúlùkù ní orúkọ. Mo ṣọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó fún wọn. Àǹtí rẹ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Mo rí i tí ó ń bọ̀ láti ibi ìdánrawò akọrin, nínú bàtà funfun, kò kánjú, orí rẹ̀ ń lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Mo pè é ní Arìnbíẹyẹlé. Ó yí padà, ó ní, “Ìyàwó, mo gbà á.” Orúkọ náà di tiwa.

Àwọn ìyàwó mìíràn kọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n ti kú tán. Èmi nìkan ni ó kù láyé tí ń pè é bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, obìnrin tí ń jẹ́ ẹ kò lóǹkà láti Ìjàn títí dé Ìgèdè. Bí o bá pè é lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tí yóò bojú wẹ̀yìn. O yẹra fún èyí tí ó lè pa á mọ́, o sì mú èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń jẹ́, tí ẹnì kan ṣoṣo ń pè. O rò pé o fi nǹkan bò ó. Ìhòhò ni o tú u sí.

Èyí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan gbé fóònù jáde, ó ní, “Màmá Ayọ̀rìndé, ẹ wá wo ọmọ yín!” Gbogbo wa rọ̀gbà yí i ká. Òyìnbó tí o ń sọ yára, kò yé wọn, ojú rẹ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Lẹ́yìn náà ni orúkọ yẹn jáde, ní Yorùbá tí ó mọ́ gaara, láti ẹnu ọmọ mi. Àǹtí rẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ó fi ọwọ́ kan Fúnkẹ́mi, ó ní, “Kí ni ó ń sọ nípa mi?” Fúnkẹ́mi kò mọ nǹkan kan. Ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀: àga, ọjọ́ Sátidé, ọkùnrin tí ó wọ ọkọ̀ òfurufú, àti ìbéèrè tí o bi àga náà pé, “Màmá, ṣé ẹ ò rò pé ó ti jẹun níbòmíràn?”

Ìgbà náà ni mo jókòó.

Àǹtí rẹ wò mí. Ó ní, “Ìyàwó, o ṣeun.” Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó sì lọ sílé. Láti ọdún tí bàbá rẹ ti kú, agogo mẹ́fà òwúrọ̀ kò lù rí kí ó má kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé mi, kí ó ní, “Ìyàwó, ṣé o jí?” Kò kan án mọ́. A ń pàdé ní àgbàlá. A ń kíra. Ìkíni náà dà bí èyí tí a ń kí ẹni tí a kò mọ̀ nínú ọkọ̀.

Ní ọdún 1973 ni ó fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí a ń ká aṣọ lórí okùn. Ayọ̀túndé ni ọkùnrin náà ń jẹ́, tíṣà láti Ìgèdè, ó ti lọ sí London. N kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ títí ó fi kú. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. O ń sunkún. Mo bẹ̀rù pé ìwọ yóò kórìíra rẹ̀ nítorí igbe tí ó ké mọ́ ọ. Mo rò pé ọmọ ọdún mẹ́fà yóò gbàgbé. Ẹ̀bi mi ni. Tìrẹ ni ó tẹ̀ lé e.

Bí o bá tọrọ àforíjì níwájú wọn, àwọn tí kò mọ̀ yóò mọ̀. Gbé àga náà kúrò. Má ṣe sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe fún ilé-iṣẹ́ rẹ, kì í ṣe fún ìyàwó rẹ. Mo mọ̀ pé ó lè ná ọ ní ohun tí ó pọ̀. N kò ní ìmọ̀ràn mìíràn.

Ìyá rẹ.


Toronto,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kínní, 2025.

Màmá mi,

Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Mo tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sì kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo jáde sínú iná. Àga kan ṣoṣo ló wà, tèmi. Àwọn òǹwòran wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ náà. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, Màmá, wọ́n ń pè é pẹ̀lú ahọ́n tí kò mọ òkè ohùn yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo gbọ́ orúkọ tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣọ́ ọmọbìnrin kan kí ẹ tó rí i, ó ń fò kiri nínú òkùnkùn yẹn, kò mọ ibi tí yóò bà sí. Ó dà bí ẹni pé mo dúró nínú omi. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Nígbà náà ni mo sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Wọn kò rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ọ̀gá pè mí sínú ọ́fíìsì. Ó ní ta ló jí àga mi gbé. Mo ní ẹni tó ni ín ti wá gbà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó ní láìsí àga, kò sí ọdún méjì. Ètò náà yóò parí ní òpin oṣù karùn-ún. N kò sọ ìdí. Ìyàwó mi béèrè, n kò sọ. Ó ń bínú sí mi.

Ìwé-ẹ̀rí ilé oògùn mi ṣì wà. Ó ku ìdánwò kan kí n tó lè padà síbẹ̀. Bóyá ní báyìí inú yín yóò wá dùn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti fẹ́ kí n dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Àǹtí, ìwé gidi, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ̀yin ni wọn yóò gbé e fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí wọn létí. Ojú wọn lè má ríran tó mọ́.

Ayọ̀rìndé.


Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ayọ̀rìndé, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó rẹ lọ́tọ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o dákẹ́, kí ó bínú sí mi.

Kì í ṣe pé mo pa ọ́ tì. Lẹ́tà rẹ sí Àǹtí rẹ kò dé títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò kà á sí i létí. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá ní láti bá ara yín sọ kò yẹ kí ó tún gba ẹnu mi kọjá. Ojú rẹ̀ sì ríran ju tèmi lọ.

Mo gbé e lọ fún un ní ọjọ́ Ẹtì, ní òwúrọ̀. N kò gba ẹ̀yìnkùlé. Mo rìn yí ilé po, mo kan ilẹ̀kùn iwájú bí àlejò. Ó ṣí i. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, bí mo ti kúnlẹ̀ fún un ní ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé.

Ó bojú wolẹ̀ wò mí. Ó ní, “Dìde, ìyàwó. Bí o bá gan síbẹ̀, ta ni yóò gbé ọ? Orúnkún tèmi náà kò gbọ́ràn mọ́.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n wà níbí.”

Ó ní, “Wà níbẹ̀, o fẹ́ kí àwọn tí ń kọjá máa sọ pé mo lu ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìwọ àti ọmọ rẹ, ẹ fẹ́ràn òǹwòran.”

Mo dìde. Ilẹ̀kùn ni mo fi gbé ara mi ró. Ó gba lẹ́tà náà, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó sì kà á ní ìdúró. Ewé mẹ́rin ni. Kò yí ojú padà. Ìkùukùu ṣì wà nílẹ̀ ní gbogbo àgbàlá, mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi, n kò rí i dáadáa. Fún ìṣẹ́jú kan, mo rò pé oorun ni mo ṣì ń sùn, pé ọdún 1971 ni, pé n kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ.

Ó ká lẹ́tà náà. Ó ní, “Ó sọ fún àwọn òyìnbó pé mo ń dúró de ọkùnrin. Ṣé ó sọ iye ọkùnrin tí ó dúró dè mí?”

Mo ní n kò rò pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

“Ṣé ó sọ pé mo lẹ́wà?”

“N kò gbọ́ ibẹ̀.”

“Òpònú ọmọ. Iṣẹ́ náà kò yẹ kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò tíì kọ́ ọ tán ni. Wọlé wá. Mo ti se uṣu.”

A jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, “Ìyàwó, ta ni ó sọ fún ọ pé Ayọ̀túndé ni?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni. Lábẹ́ okùn aṣọ.”

Ó ní, “Lábẹ́ okùn aṣọ, mo ní, ‘Ó ní ọjọ́ Sátidé ni òun yóò dé.’ Ṣé mo pe orúkọ?”

Mo wá inú orí mi. Mo wá a bí a ti ń wá abẹ́rẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, kò sí orúkọ nínú rẹ̀, kò sí London, kò sí tíṣà. Èmi ni mo fi gbogbo ìyókù kún un. Mo rí ọkùnrin kan tí ó rìnrìn àjò, mo rí àga kan tí ó ṣófo, mo sì so wọ́n pọ̀. Èmi tí mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí pé kí wọ́n kọ kìkì ohun tí wọ́n mọ̀. Ohun tí mo sọ fún ọ ní ilé ìdáná, tí ìwọ sọ fún ìlú kan, kì í ṣe òtítọ́. Mo ti gbà á gbọ́ fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ẹni tí àga náà wà fún. Ó gba wákàtí méjì.

Ní ti iṣẹ́ rẹ, o ní bóyá inú mi yóò dùn bí o bá padà sí ilé oògùn. Inú mi kò dùn. Bí oṣù karùn-ún bá parí, n kò mọ ohun tí n óò máa wò lẹ́yìn àdúrà. Wá ibòmíràn tí wọn yóò ti gbà ọ́, kí o sì lọ pa àwọn tí kò rí oorun sùn lẹ́rìn-ín. Nípa ara rẹ ni kí o máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ kò kéré.

Ní òwúrọ̀ àná, ní agogo mẹ́fà, wọ́n kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Mo mọ̀ ọ́. O ó béèrè. Nítorí náà mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí kí a má baà tún kọ̀wé lé e lórí. N kò ní sọ fún ọ ẹni tí ó ń dúró dè, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ó wà láàyè tàbí ó ti kú. N kò ní sọ ohun tí ó wí nípa lẹ́tà rẹ. N kò ní sọ ohun tí èmi náà wá sọ fún un nípa ara mi, tí bàbá rẹ pàápàá kò gbọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì ní sọ èwo nínú àwa méjèèjì ni ó kọ́kọ́ sunkún.

Ìyá rẹ.